Kí Ẹ Tó Fi Ọ̀dà Funfun Kun Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́

Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọ wa ń lò ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá mi. Funfun ni a bá gbogbo inú rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé. Lọ́dún kan, gọ́tà dí, omi òjò gba ara ògiri wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ọ̀dà funfun náà wú, ó sì ń bọ́ bí ìpẹ́ ẹja. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gbé sìkírépà, wọ́n ní àwọn á họ gbogbo rẹ̀ kúrò kí ọjọ́ Ìkórè tó pé. Èmi tí mo ń fi ọ̀dà kíkùn jẹun ni wọ́n ní kí n wá ṣe ọ̀gá iṣẹ́.

Mo gun àkàsọ̀ lọ wò ó. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ewé kan, ó pupa bí osùn tó ti gbẹ, wọ́n fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ wúrà yí i ká. Ìdajì ewé kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyókù ti wọ abẹ́ funfun lọ. Ọwọ́ èèyàn ló kùn ún, mo rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti yọ̀ díẹ̀ kọjá ìlà. Mo bẹ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n gbé sìkírépà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọ wa tí ẹ ń lo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹ̀yin tí ẹ ra ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé kí ẹ ká ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀ ni iṣẹ́ tó dára jù. Màá sọ méjèèjì bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra.

Bí àwòrán ṣe dé abẹ́ funfun

Láyé àtijọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí ṣọ́ọ̀ṣì tí ògiri rẹ̀ ṣófo ní England. Àwòrán ìdájọ́ ìkẹyìn, ti àwọn ẹni mímọ́, ti ọ̀run àpáàdì, gbogbo rẹ̀ ló wà lára ògiri. Nígbà tí ìsìn yí padà láti Kátólíìkì sí Pùròtẹ́sítáǹtì, tí ìjọba Ọba Edward Kẹfà sì pàṣẹ ní 1547 pé kí wọ́n run àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì, láìmù, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi òkúta ẹfun jíjó ṣe, ni ọ̀pọ̀ ìjọ fi bò wọ́n. Ní ìlú Stratford-upon-Avon, ìwé ìṣirò owó ìlú fún nǹkan bí 1564 fi hàn pé wọ́n san ṣílè méjì fún bíba àwòrán inú ilé àdúrà ẹgbẹ́ ìlú jẹ́. John Shakespeare, bàbá akéwì tí gbogbo ayé mọ̀, ló ń bójú tó owó náà. Ní 1804, nígbà tí wọ́n ń tún ilé náà ṣe, wọ́n bá àwòrán lábẹ́ láìmù. Láìmù tí wọ́n fi pa á rẹ́ ló pa á mọ́.

Ní Pickering, ní àríwá, ní 1852 ni wọ́n rí tiwọn. Àlùfáà ibẹ̀ ní àwòrán náà á máa gba ọkàn àwọn olùjọ́sìn, ó ní kí wọ́n tún fi funfun bò ó. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó tún ṣí i, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Èyí tó ṣeé ṣe jù kí ẹ bá pàdé ni ti àsìkò Ọbabìnrin Victoria. Nígbà yẹn, kíkun inú ṣọ́ọ̀ṣì tún padà dé. A. W. N. Pugin, ayàwòrán ilé, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Giles sí Cheadle, wọ́n parí rẹ̀ ní 1846, kò sí ibi tí ojú tó níbẹ̀ tí kò ní àwọ̀. G. F. Bodley, ayàwòrán ilé bíi tirẹ̀, ṣe irú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Cambridge. Àwọn akunlé tí wọ́n ń bá F. R. Leach, ọ̀gá akunlé kan ní Cambridge, ṣiṣẹ́ wà lára àwọn tó kùn ún, ewé lórí ewé láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Leach ni David Parr. Ní 1886, ó ra ilé kékeré kan ní Gwydir Street ní Cambridge, ilé òṣìṣẹ́ lásán. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, á tan àbẹ́là, á máa kun ògiri tirẹ̀ bí ó ṣe ń kun ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ogójì ọdún ló fi ṣe é, títí ó fi kú ní 1927. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ wá bá ìyá àgbà gbé níbẹ̀, ó sì lò tó ọdún márùnlélọ́gọ́rin nínú ilé náà láìfi funfun bò ó. Èèyàn lè wọ ibẹ̀ lọ wò báyìí. Bí ẹ bá jẹ́ akunlé bíi tèmi, ẹ lọ. Ara mi gbọ̀n nígbà tí mo dúró níwájú iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ tí mo ń ṣe.

Nígbà tó yá, dúdú èéfín gáàsì àti àbẹ́là bo àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn èèyàn ní wọ́n ti dọ̀tí, wọ́n sì gbé ọ̀dà funfun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹni tó ń fúnni láṣẹ

Historic England, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé àtijọ́, ní àkójọ orúkọ gbogbo ilé tí òfin ń dáàbò bò, ọ̀fẹ́ ni wíwò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ orúkọ òpópónà yín síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ilé yín ní Grade I, II* tàbí II, ìyẹn ìpele mẹ́ta tí wọ́n pín àwọn ilé náà sí, ẹ mọ̀ pé òfin náà dé inú ilé, kì í ṣe iwájú nìkan. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tó pa ìrísí irú ilé bẹ́ẹ̀ dà láìgba ìwé ti rú òfin, ẹjọ́ ọ̀daràn ni.

Ibi tó ń dà wá láàmú nìyí. Áńgílíkà, Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ díẹ̀ míì ní ètò tiwọn tí ìjọba fọwọ́ sí, wọ́n ń fún ara wọn láṣẹ. Bí ẹ bá ń háyà lọ́wọ́ Áńgílíkà, ìwé tí wọ́n ń pè ní faculty ni ẹ nílò, ọ̀dọ̀ dáyósíìsì ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìjọ tiwa tó dá dúró, ìbáà jẹ́ aláṣọ funfun tàbí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, kò sí nínú ètò yẹn. Bí àwa la bá ni ilé náà, kánsù ni ká lọ bá, lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ilé àtijọ́. Ẹ pè é kí ẹ tó ra gáálọ̀nù kan ṣoṣo. Èyí tó wá wo tiwa gun àkàsọ̀ kan náà tí mo gùn, ó sì pẹ́ lókè.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé

Kò sí ọ̀dà tó ń wo ògiri tútù sàn. Ẹ jáde síta nígbà tí òjò ń rọ̀, ẹ wo gọ́tà, ẹ wo páìpù tó ń gbé omi wálẹ̀, ẹ wo bóyá ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú lọ níbi tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sí ìdí ògiri. Ewé tó dí gọ́tà wa kò kún garawa kan.

Láìmù àti yanrìn ni wọ́n fi rẹ́ ògiri ayé àtijọ́, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Ọ̀rinrin máa ń wọ inú rẹ̀, a sì tún máa jáde. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì dí i níta, tí ẹ fi ọ̀dà ẹ̀mọ́ṣọ̀n òde òní dí i nínú, ńṣe ló dà bí ìrẹsì gbígbóná tí wọ́n dì sínú ọ̀rá: oru kò ríbi jáde, omi ni yóò dà. Omi náà ń kó iyọ̀ inú bíríkì lọ sójú ògiri. Bí ojú ògiri bá gbẹ, iyọ̀ á dì, á wú, á sì ti ọ̀dà jáde. Ìyẹ̀fun funfun tó ń hù bí irun lára ògiri nìyẹn. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, inú ògiri ni ẹ tún ń dá a padà sí. Níbi tí ó bá dá yín lójú pé kò sí àwòrán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n dànù ní gbígbẹ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dí ojú ibi tó ń jò, ẹ ní sùúrù. Àwọn oníṣẹ́ máa ń ṣírò oṣù kan fún 25mm ògiri. Ògiri tó nípọn tó 300mm lè gba ọdún kan gbáko kó tó gbẹ.

Èémí tiwa náà wà níbẹ̀. Ní ìsọ́ òru, bí igba èèyàn bá ń kọrin láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí nínú ilé tó ti tutù láti ọjọ́ Àìkú, omi á máa ṣàn lára ògiri. Ẹ má ṣe tan hítà tó gbóná janjan fún wákàtí mẹ́rin kí ẹ sì pa á pátápátá fún ọjọ́ mẹ́fà. Ooru díẹ̀ tó ń lọ déédéé ló sàn fún àwòrán. Ìjọ tó ń tan àbẹ́là, ẹ gbé e jìnnà sí ògiri, ẹ gé òwú rẹ̀ kó kúrú, ẹ má sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ẹ, nítorí iná tó ń mì ló ń tú èéfín dúdú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lálẹ́

Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ìyókù lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pa gbogbo iná. Ẹ gbé orí tọ́ọ̀ṣì lé ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ máa rá lójú ògiri dípò kó tàn tààrà sí i. Ibi tí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lábẹ́, etí rẹ̀ ga díẹ̀, bí ìnípọn irun orí kan. Ìmọ́lẹ̀ á mú òjìji rẹ̀ jáde. Alẹ́ tí a ṣe é, èmi àti ìyá ìjọ kan tó di tọ́ọ̀ṣì mú, a rí ewé náà tó ń tò lọ lábẹ́ funfun, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó yí òpó pẹpẹ ká, ó sì gba orí fèrèsé kọjá. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Mẹ́tàdínlógójì ló kà kí bátìrì tó kú.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kí rúlà wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ibi tó wà sílẹ̀: ògiri wo, mítà mélòó sílẹ̀, mélòó sí fèrèsé. Ẹ yẹ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù wò, àti ẹ̀yìn dùùrù, àti inú yàrá aṣọ àlùfáà. Akunlé tó ń sáré kì í kun ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni àwọ̀ àtijọ́ máa ń ṣẹ́kù sí láìsí ohun tó bò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ irú ọ̀dà tó wà lókè

Ẹ yan igun kan tí kò ní àwòrán. Ẹ fi omi tọ́ ìka yín, ẹ fi nu ún. Bí ó bá yọ́ sí yín lọ́wọ́ bí ẹfun, tí ìka yín sì dé ìsàlẹ̀, dísítẹ́ńpà ni, ẹfun tí wọ́n fi gúlú awọ àti egungun ẹran pò. Bí ó bá kàn fi ìyẹ̀fun díẹ̀ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò yọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láìmù. Bí omi bá ń yọ̀ lójú rẹ̀, ọ̀dà olóròóró tàbí ẹ̀mọ́ṣọ̀n ni. Ẹ fi òwú tó ní sípíríìtì pa á: ẹ̀mọ́ṣọ̀n á rọ̀, á sì máa lẹ̀.

Ẹ má dán èyíkéyìí nínú èyí wò lórí àwòrán. Dísítẹ́ńpà ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì, kànìnkànìn tútù kan ṣoṣo, tí ẹni rere kan fi nu ògiri tọkàntọkàn, lè pa iṣẹ́ àádọ́jọ ọdún rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ tún ṣọ́ra fún òjé. Inú ọ̀dà olóròóró àtijọ́ ni ó wà, wọn kò sì fòfin de títà irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1992. Eruku rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì burú fún aboyún. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, ẹ má fi iná jó o. Ohun tí wọ́n fi ń dán òjé wò wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ kò bá tíì dán an wò, ẹ ṣe bí ẹni pé òjé wà níbẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi kúrò ní yàrá náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fèrèsé kékeré, àti ibi tí ẹ ti máa dúró

Ṣíṣí àwòrán kì í ṣe iṣẹ́ akunlé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kun ilé, mi ò sì dán an wò. Ẹgbẹ́ Institute of Conservation, tí wọ́n ń pè ní Icon, ní orúkọ àwọn tó kọ́ṣẹ́ àtúnṣe àwòrán ògiri lọ́wọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ láti ibẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rí tí amọṣẹ́ náà ń ṣe nìyí. Á dé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, á mú abẹ, á sì ṣí ojú kékeré kan tí kò ju 50mm lọ ní ìbú àti òró. Kì í họ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà, á ṣí i bí àtẹ̀gùn, ìpele kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lè rí gbogbo ọ̀dà tó ti kọjá lórí ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú tiwa, ìpele mẹ́fà ló kà: funfun mẹ́ta, àwọ̀ kíríìmù kan, àwọ̀ ewé kan, funfun kan, kó tó kan ewé pupa. Á tún mú èérún kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́, á dà á sínú gúlú tó ń le bí gíláàsì, á gé e, á wò ó lábẹ́ maikirosikópù, níbẹ̀ ni á ti mọ ohun tí wọ́n fi po ọ̀dà náà.

Ẹ béèrè ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Ẹ jẹ́ kó sọ fún yín bóyá ó yẹ ká ṣí gbogbo rẹ̀ tàbí ká fi sílẹ̀ lábẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, fífi sílẹ̀ ló dára jù, nítorí lábẹ́ funfun kò séwu. Owó ṣíṣí rẹ̀ pọ̀, ohun tí a bá sì ṣí, àwa la ó máa tọ́jú rẹ̀ títí ayé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi fánísì tàbí ìda pa àwòrán tó ti ṣí kó lè máa dán, ẹ kọ̀ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn amọṣẹ́ gan-an fi ìda pa àwòrán ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rò pé wọ́n ń dáàbò bò ó. Ìda náà há omi mọ́ inú ògiri, ó ń fa eruku mọ́ra, ó sì ṣókùnkùn. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ló lo ọdún púpọ̀ láti yọ ọ́ kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kíkun ògiri tí kò ní àwòrán

Ẹ ti gba àṣẹ, ògiri ti gbẹ, amọṣẹ́ sì ti sọ ibi tí kò sí nǹkan lábẹ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tiwa lè ṣiṣẹ́. Láìmù ni kí ẹ lò, bí kò bá sí ẹ̀mọ́ṣọ̀n lórí ògiri, nítorí láìmù kì í dì mọ́ ẹ̀mọ́ṣọ̀n.

Òkúta ẹfun tí wọ́n jó nínú iná tó gbóná dé nǹkan bí 900 ní ìwọ̀n Celsius, tí wọ́n wá bomi pa, ni láìmù. Bí ẹ bá kùn ún sára ògiri, atẹ́gùn á sọ ọ́ di òkúta padà. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ yára gbẹ. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti pò nínú ike, tó rí bí ògì tó ti sìn. Ẹ fi omi là á títí yóò fi dà bí mílíìkì. Ẹ dé gọ́gùlù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ó lè fọ́ ojú. Bó bá ta síni lójú, omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, àwọ̀ tó ti inú ilẹ̀ wá ni kí ẹ wá: pupa ilẹ̀, yẹ́lò ilẹ̀, búráùn. Láìmù kì í pa wọ́n. Búlúù tí wọ́n ń pè ní Prussian á di búráùn nínú rẹ̀. Ẹ rẹ ìyẹ̀fun àwọ̀ náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ di ọjọ́ kejì, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n láìmù lọ.

Ẹ fi omi wọ́n ògiri kó tutù díẹ̀, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rù á bà yín, nítorí bí omi lásán ni yóò rí, ògiri á ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Bó bá gbẹ ni yóò funfun. Ẹ má fi kún un kó lè tètè bo ògiri, bí ó bá nípọn, á máa bọ́ bí ìyẹ̀fun. Ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọjọ́ kan ó kéré tán láàárín wọn, kí ilé má tutù tó ìwọ̀n 5 ti Celsius. Mo ti kun ilé tó pọ̀ láyé mi, mi ò rí ọ̀dà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bíi tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ bá fẹ́ dá ewé náà padà

A fẹ́ kí ìjọ rí ohun tó wà lábẹ́ láìṣí i. Nítorí náà a ya ewé náà tuntun sórí ògiri ẹ̀yìn tó ṣófo, kánsù sì fọwọ́ sí i.

Láti ara fọ́tò olórúlà ni ẹ ó ti yà á, ẹ má lẹ bébà mọ́ ògiri àtijọ́. Ẹ mú páálí líle, ẹ fi òróró línsíìdì pa á, kó gbẹ dáadáa, kí omi má bàa rọ̀ ọ́. Ẹ gé ewé náà sí i lára, kí ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ páálí náà sílẹ̀ láàárín àwọn ihò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ààrin rẹ̀ á já bọ́. Àwọ̀ méjì gba páálí méjì. Ẹ gé ihò kékeré kan sí ibì kan náà lára àwọn méjèèjì, kí wọ́n lè bá ara wọn mu lórí ògiri.

Ẹ fi ẹfun pa okùn, ẹ fà á le láti igun dé igun, ẹ ta á, kí ìlà tààrà jáde. Ẹ wọn ògiri, ẹ pín in, kí ẹ tó kun ewé kìíní, kí ìdajì ewé má bàa há sí igun. Láti àárín ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ sí ọ̀tún àti sí òsì.

Búrọ́ọ̀ṣì róbótó tí irun rẹ̀ kúrú ni ẹ nílò. Ẹ rì í, ẹ nù ún mọ́ àkísà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ wá máa gún un mọ́ ògiri tààrà. Ẹ má fà á. Ọ̀dà tó bá pọ̀ á sá wọ abẹ́ páálí. Lẹ́yìn ewé mẹ́rin, ẹ nu ẹ̀yìn páálí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó gbé sìkírépà níjọ́sí ló kun ewé kẹsàn-án. Ó yọ̀ díẹ̀ kọjá ìlà níbì kan. Ó fẹ́ pa á rẹ́, mo ní kó fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá parí, ẹ da ọ̀dà tó kù sínú ìgò, ẹ kọ ọdún, orúkọ àwọ̀ àti ògiri tí ẹ kùn sí i lára. Ẹ tẹ́ páálí náà pẹrẹsẹ sínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá aṣọ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ amọṣẹ́ náà, kí ẹ sì sọ fún akọ̀wé ìjọ pé ibẹ̀ ló wà.